Ìdá Kan Nínú Ogójì

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa,
àwọn mẹ́ta nínú ọkọ̀ funfun, kámẹ́rà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ayé rí Ondó.
Màámi wọ búláòsì ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀,
ó nu dígí ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán,
ó gbé àga síwájú ilé wa ní Odòjọmu,
ilé onítáìsì tí òun àti bàbá wa fi kòkó ọdún mẹ́sàn-án kọ́.

Ọ̀gá wọn wo ilé, ó wo táìsì, ó mi orí.
"Màmá, ṣé kò sí ibòmíràn?"

Ibòmíràn wà.
Ilé ìdáná àwọn Akínsẹ̀hìnwá, tó wó lọ́dún tí yìnyín bọ́;
ewúrẹ́ nìkan ló ń sùn níbẹ̀.
Ibẹ̀ ni wọ́n mú un lọ.
"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ yọ dígí yẹn.
Bàtà ńkọ́? Ẹ bá wa bọ́ bàtà náà."
Ó bọ́ ọ. Àlejò ni wọ́n.

Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mo fi aago ọwọ́ mi kà á:
ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
bó ṣe ń gé ọsàn sí mẹ́jọ kí ìdá lè yé wọn,
ọmọkùnrin kan tó jẹ ìdá tirẹ̀ tán
kó tó dáhùn ìbéèrè.
Wọ́n ní, "Ajá ńkọ́, màmá? Ṣé ẹ máa ń jẹ ajá?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìgbín lèmi fẹ́ràn.
Ajá mi ló wà lẹ́yìn yín yẹn. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àdúgbò kún pálọ̀ wa,
a dá owó epo jẹnẹrétọ̀.
Orin arò ló kọ́kọ́ jáde, bí ẹni pé òkú sùn nílé.
Lẹ́yìn náà, ewúrẹ́. Ògiri tó wó.
Ẹsẹ̀ màámi nínú eruku;
ẹsẹ̀ ṣáájú, kí ojú tó dé.
Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn ọkùnrin kan ló ń jáde níbẹ̀,
ohùn tó ń dán bíi bàtà tuntun:
"Bí àwọn baba ńlá wọn ṣe gbé ni wọ́n ṣì ń gbé."
Wọ́n fi Tanímọ̀la hàn, ó ń yán.
Wọ́n fi ẹ̀rín màámi tẹ̀ lé e,
wọ́n ti gé ìdáhùn sọnù.
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ ni "ọghọ́",
níbi tó ti ń ka ìka bí ẹni ń kọ́ ọmọdé.
Ìṣẹ́jú kan. Ó parí.
Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Níbi iṣẹ́ mi n'Íbàdàn,
akọ̀wé kan tí kò kọjá Ifẹ̀ rí
ṣàlàyé fún mi bí ìlú mi ṣe rí.
"Ọmọ Ondó, ọghọ́ rẹ dà?"
Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo gbé ìbínú délé. Màámi ń ṣa ẹ̀wà.
Ó ní, "Wọn ò parọ́.
Ẹsẹ̀ mi ni, ajá mi ni, ẹ̀rín mi ni.
Ìdá kan nínú ogójì, ó pé bẹ́ẹ̀.
Odidi tí wọ́n pè é ni mo fa àmì pupa sí."
Ó fẹ́ ìyàngbò ẹ̀wà dànù.
"Ìwọ náà, wá. Ọkùnrin tó ń bá wa ká kòkó,
kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ìgbìrà yẹn?"

"Ẹ̀bìrà ni wọ́n ń pe ara wọn. Orúkọ ni mo bi ọ́."

Ọdún mẹ́fà ló ti ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá,
ọdún mẹ́fà tí mo ń fa báàgì mi mọ́ra,
nítorí ohun tí mo rí
nínú tẹlifíṣọ̀n kan náà, nínú pálọ̀ kan náà.

Mi ò mọ̀ ọ́n.

Kò bá mi wí.
Ó fi ọsàn méjì lé mi lọ́ghọ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ.
"Ó wà lẹ́yìn ilé. Lọ bi í."